Ọ̀sẹ̀ Kan Nílé Ààbò Ajá: Ìtọ́sọ́nà Láti Ẹnu Ọ̀nà Títí Dé Ọwọ́ Alágbàtọ́

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ààbò ajá kan ń ṣe dáadáa, kó má kọ́kọ́ ka iye ajá tó wọlé. Iye ọjọ́ tí ajá kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀ ni kó béèrè. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ajá 2 bá ń wọlé lójúmọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lo ọjọ́ 20, ajá 40 ni yóò máa wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ọjọ́ náà bá dín kù sí 12, ajá 24 péré ni yóò wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò lé ajá kankan padà lẹ́nu ọ̀nà, a kò sì kọ́ yàrá tuntun kankan. Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí wà fún nìyẹn: bí a ṣe lè ṣètò ọ̀sẹ̀ kan, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àìkú, tí kò fi ní sí ajá kan tí yóò máa jókòó sínú yàrá lásán nítorí pé kò sẹ́ni tó rántí ohun tó kàn láti ṣe fún un.

Kí ilẹ̀kùn tó ṣí

Ẹ ka iye ajá tí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín ká, ẹ má ka iye yàrá nìkan. Òǹkà tí ọ̀pọ̀ ilé ààbò ń lò ni pé ajá kan gba ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, 9 fún ìmọ́tótó àti 6 fún oúnjẹ, láìtíì ka ìrìn, oògùn tàbí àkókò tí a fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ajá 40 gba wákàtí 10 lójoojúmọ́, nígbà tí ajá 24 gba wákàtí 6. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko tó ń ṣiṣẹ́ nílé ààbò, Association of Shelter Veterinarians, sọ ọ́ láìfi bò nínú ìlànà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 2010, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2022, pé kò tọ́ kí ilé ààbò kan gba ẹranko ju èyí tí agbára rẹ̀ lè tọ́jú lọ. Mo fara mọ́ wọn pátápátá, nítorí àánú tó kó ajá mẹ́ta sínú yàrá ajá kan kì í pẹ́ di àìsàn. Bí àyè kò bá sí, tí ọ̀ràn ajá náà kò sì jẹ́ pàjáwìrì, ẹ dá ọjọ́ kan pàtó fún ẹni tó fẹ́ mú un wá, kí ẹ sì fún un ní ìmọ̀ràn tí yóò fi tọ́jú rẹ̀ títí ọjọ́ náà yóò fi pé.

Ọjọ́ Ajé: gbígba ajá wọlé

Mo fi gbígbà wọlé sí ọjọ́ Ajé kí àlàyé lè rọrùn ni. Ọjọ́ gbogbo ni ajá ń dé. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò kan ajá rárá, ẹni tó mú un wá ló kàn. Ẹ má bá a wí. Ẹni tí a bá bá wí yóò fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ọ̀rọ̀ tó bá sì fi pamọ́, ajá ni yóò jìyà rẹ̀ nígbà tó bá dé ilé tuntun. Ẹ béèrè ibi tí ajá náà ń sùn, bóyá ó ti bá ọmọdé, ológbò tàbí ajá mìíràn gbé rí, ohun tó ń dẹ́rù bà á, abẹ́rẹ́ tó ti gbà, àti bóyá ó ti bu ẹnikẹ́ni jẹ rí àti bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìbéèrè tí mo kà sí èyí tó wúlò jù lọ: kí ni ì bá jẹ́ kó ṣeé ṣe fún yín láti tọ́jú rẹ̀ nìṣó? Nígbà mìíràn, oògùn awọ ara tàbí ìmọ̀ràn lórí gbígbó ní òru ni ìdáhùn, ajá náà á sì bá olówó rẹ̀ padà sílé láìlo ọjọ́ kan lọ́dọ̀ yín.

Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n rí ajá náà níta, ẹ kọ ibi tí wọ́n ti rí i gan-an sílẹ̀, títí dé orúkọ òpópónà, nítorí ajá tó sọnù kì í sábà jìnnà sílé. Ẹ kéde rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì pa á mọ́ fún iye ọjọ́ tí òfin ibi tí ẹ wà là sílẹ̀ kí ẹ tó fi í fún ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá microchip lára rẹ̀. Ohun kékeré tí kò ju hóró ìrẹsì lọ ni, abẹ́rẹ́ ni a fi ń sín in sábẹ́ awọ láàárín èjìká méjèèjì. Kò ní bátìrì, kò sì lè sọ ibi tí ajá wà. Nọ́ńbà lásán tí a fi ń wá orúkọ olówó ajá ló gbé, èyí tó bá ìlànà àgbáyé mu sì máa ń ní òǹkà 15. Ẹ rọra gbé ẹ̀rọ tó ń kà á gba orí ẹ̀yìn, èjìká, ìhà méjèèjì àti apá iwájú títí dé ẹsẹ̀, nítorí ó máa ń rìn kúrò níbi tí wọ́n fi í sí. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán: lẹ́nu ọ̀nà, nígbà àyẹ̀wò, àti kí ajá tó lọ sílé alágbàtọ́. Yóò burú púpọ̀ bí a bá fi ajá tí ẹnì kan ń wá tẹkúntẹkún lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nítorí pé a kánjú gbé ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló tẹ̀ lé e, ẹnu ọ̀nà gan-an ni kí ẹ sì ti fún un, kì í ṣe lọ́la, kì í ṣe ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Abẹ́rẹ́ àkópọ̀ tó ń dènà parvo, distemper àti adenovirus, àrùn mẹ́ta tó ń ràn láàárín ajá, ni mò ń sọ, pẹ̀lú èyí tí a ń kán sí imú tàbí ẹnu láti dènà ikọ́ tó ń ràn láàárín àwọn ajá tí a kó pọ̀. Lábẹ́ ìlànà tí dókítà ẹranko yín bá kọ sílẹ̀, ajá tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 4 lè gbà á, ọgbẹ́ tàbí ibà díẹ̀ kò sì yọ ajá kankan sílẹ̀, nítorí ewu tó wà nínú ilé ààbò ju ti inú ilé lásán lọ. Ti abo tó lóyún, dókítà ni kó pinnu. Àgbà ajá yóò gba ìkejì lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Ti ọmọ ajá gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ: omi ọyàn àkọ́kọ́ tó mu lára ìyá rẹ̀ ń dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n ààbò yìí kan náà ló ń dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè fi ojú mọ ọjọ́ tí yóò tán lára ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí a fi ń tún abẹ́rẹ́ náà fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí wọn yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 20. A tún máa ń fún ọmọ ajá ní oògùn aràn láti ọ̀sẹ̀ 2 tí wọ́n ti bí i, a sì ń tún un ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì bákan náà.

Nígbà àyẹ̀wò, ẹ wọn ajá lórí òṣùwọ̀n, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ìgbóná ara ajá tí ara rẹ̀ le sábà máa ń wà láàárín 38.3 sí 39.2 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà bí ara rẹ̀ bá gbóná lọ́wọ́ yín, kó má ṣe dẹ́rù bà yín. Ẹ ṣí ètè rẹ̀: èrìgì tó dára máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì máa ń ní ọ̀rinrin, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó funfun, kí àwọ̀ rẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2. Eyín yóò sọ ọjọ́ orí ọmọ ajá fún yín dé ìwọ̀n kan, nítorí eyín ọmọdé ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, eyín àgbà sì ti máa ń pé nígbà tó bá fi tó oṣù 7. Lẹ́yìn èyí, ìfojúdíwọ̀n ni, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé.

Ajá tí ebi ti pa di egungun fẹ́ ìṣọ́ra tó yàtọ̀. Ojú àánú yóò fẹ́ kó odidi abọ́ síwájú rẹ̀, mo mọ bí ó ṣe ń rí láti fa abọ́ sẹ́yìn nígbà tí ajá náà ń wo ojú ẹni. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ púpọ̀ bá ya wọ inú ara tó ti gbẹ, èròjà bíi phosphorus àti potassium inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, ọkàn sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, nígbà púpọ̀ lóòjọ́, gẹ́gẹ́ bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀, ni a fi ń bọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀.

Kí ọjọ́ náà tó parí, kí ajá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lọ́rùn, àwòrán nínú ìwé, àti káàdì lára ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ìlà kan wà lórí káàdì yìí tí n kò gbọdọ̀ rí ní òfìfo láé, èyí tí a kọ "Ohun tó kàn" sí: iṣẹ́ tó kàn fún ajá náà, ọjọ́ tí yóò wáyé, àti orúkọ ẹni tí yóò ṣe é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: dídá àrùn dúró

Ẹ tò ìrìn yín láàárọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó rọrùn jù láti kó àrùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó o ránni: ìyá ajá àti ọmọ tí ara wọn le ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà àwọn àgbà tí ara wọn dá, lẹ́yìn náà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn aláìsàn ló sì kẹ́yìn, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, aṣọ àti bàtà tí kò ní jáde kúrò nínú yàrá ìyàsọ́tọ̀.

Parvo ni ọ̀tá tó le jù lọ nínú gbogbo wọn. Ìgbà tí ó kọ́kọ́ tàn káàkiri láàárín àwọn ajá, ní 1978, kò sí ajá tí ara rẹ̀ mọ bí a ṣe ń bá a jà. Kòkòrò àrùn náà lè wà lórí ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀pọ̀ nínú ọṣẹ apakòkòrò tó wà lórí àtẹ ni kò sì ràn án. Ajá tó kó o lè má fi àmì kankan hàn fún ọjọ́ 3 sí 14. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ oúnjẹ, tí yóò máa bì, tí ìgbẹ́ rẹ̀ yóò di gbuuru pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti òórùn tí ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Bílíìṣì ń pa á bí a bá lò ó bó ti yẹ. Ẹ kó gbogbo ìdọ̀tí kúrò, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ilẹ̀, nítorí ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí máa ń sọ bílíìṣì di omi lásán. Lẹ́yìn náà, ẹ po ìwọ̀n bílíìṣì ilé 1 mọ́ omi ìwọ̀n 32, ẹ jẹ́ kó wà lórí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ ṣàn án kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ kí ajá tó padà wọlé. Ẹ po tuntun lójoojúmọ́, ẹ má sì ṣe pò ó mọ́ oògùn ìfọ̀lẹ̀ mìíràn, nítorí èéfín tó lè jáde léwu fún ènìyàn àti ajá.

Yàrá tí ajá kan náà yóò padà sí, tí ara rẹ̀ sì dá, kò nílò kí a máa da omi bò ó lójoojúmọ́. Ẹ kó ìgbẹ́, ẹ nu ibi tó tutù, ẹ fi aṣọ tó ní òórùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ìyẹn ń dín ìpayà kù, ó sì ń dá àkókò padà fún òṣìṣẹ́.

Àríyànjiyàn wà lórí bóyá kí a ti gbogbo ajá tuntun mọ́ yàrá ìyàsọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó rí àlejò. Èrò tèmi ni pé kí a pa ọmọ ajá mọ́ lọ́tọ̀, kí ọmọ ìyá kan náà wà pa pọ̀, kí a sì wá ilé ìgbàtọ́ onígbà díẹ̀ fún wọn kíákíá. Ṣùgbọ́n àgbà ajá tó gba abẹ́rẹ́, tí kò húkọ́, tí kò sì ṣe gbuuru, kò sí ìdí láti fi ọjọ́ 14 ti ayé rẹ̀ ṣòfò sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹni náà sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà, bí ó ti wù kí ọgbẹ́ náà kéré tó. Inú itọ́ ni àrùn dìgbòlugi ń gbà ràn, bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Ajá tó bu ènìyàn jẹ yóò wà lábẹ́ ìṣọ́ fún ọjọ́ 10, bẹ́ẹ̀ ni òfin àdúgbò ni yóò sọ ibi tí yóò wà àti ẹni tí yóò máa wò ó.

Ọjọ́rú: kíkà á láti ara rẹ̀

Ìwà tí ajá hù láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìpayà ló ń sọ ọ́, kì í ṣe ìwà rẹ̀ gan-an. Ajá tó ń kùn, tó fi ìrù sáàárín ẹsẹ̀, tó ń yán léraléra, tó ń lá ètè láìrí oúnjẹ, tàbí tí funfun ojú rẹ̀ ń hàn bó ṣe ń wò yín láti ẹ̀gbẹ́, ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fún òun láyè. Ẹ ṣe ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ ta aṣọ bo ìdajì ilẹ̀kùn, ẹ fún un ní ibi tó lè fara pamọ́ sí, ẹ jókòó ní ìhà fún un láìwò ó lójú, ẹ ju oúnjẹ díẹ̀ sí i kí ẹ tó kọjá. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ àtọwọ́dá ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ láti dán an wò kí ó sì fi ìyẹn dájọ́ rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ajá tó ń ṣọ́ oúnjẹ nílé ààbò ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá dé ilé.

Ọjọ́rú ni mo fi ìrìn-àyẹ̀wò ńlá ti ọ̀sẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí èyí kékeré máa wáyé lójoojúmọ́. Kí ẹni tó mọ̀ nípa ìlera, ẹni tó mọ̀ nípa ìwà, àti ẹni tó ń bá alágbàtọ́ sọ̀rọ̀ jọ rìn kọjá níwájú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni ajá yìí ń dúró dè? Mo rántí akọ ajá kan tó lo ọjọ́ 31 lọ́dọ̀ wa, tó jẹ́ onírẹ̀lẹ̀, tí ara rẹ̀ sì dá. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan la sọ pé à ń retí. Èsì náà ti dé láti ọjọ́ kẹsàn-án, ó wà nínú fáìlì, onikálukú rò pé ẹnìkejì ti kà á. Ọjọ́ 22 tí a kò lè dá padà fún un ló kọ́ mi pé orúkọ ènìyàn gbọ́dọ̀ wà níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí káàdì.

Ọjọ́bọ̀: iṣẹ́ abẹ àti àwòrán

Kí a tẹ akọ lọ́dàá, kí abo sì ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́, kí wọ́n tó lọ. Ìlérí pé alágbàtọ́ yóò ṣe é nígbà tó bá yá kì í sábà wá sí ìmúṣẹ. Nínú àpèjúwe tí ẹ máa kọ sábẹ́ àwòrán, ẹ má fojú dá ẹ̀yà mọ̀, nítorí àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀; ẹ sọ ohun tí ẹ rí. "Ó máa ń gbé orí lé itan ẹni lẹ́yìn ìrìn, kò fẹ́ràn kí ajá mìíràn sún mọ́ abọ́ rẹ̀" wúlò ju gbólóhùn mẹ́wàá tó ń yìn ín lásán lọ. Ẹ ya àwòrán níta, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ní ìwọ̀n gíga ojú ajá, láìsí irin yàrá níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta: alágbàtọ́

Ẹ bá àlejò sọ̀rọ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò bí ọ̀daràn. Ẹ ní kí ó ṣàpèjúwe ọjọ́ kan nínú ayé rẹ̀: ìgbà tó ń jí, wákàtí tí ilé fi ń ṣófo, ẹni tí yóò mú ajá rìn nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Láti inú èyí ni ẹ ó ti mọ ajá tó bá a mu. Ẹni tó ń gbé ilé tí kò ní ọgbà lè tọ́jú àgbà ajá dáadáa ju ẹni tó ní ọgbà ńlá tí kì í sí nílé lọ, nítorí náà n kò gbà pé kí òfin gbogbogbòò kan máa lé ènìyàn padà. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ nípa ajá náà, pàápàá ìtàn bíbunijẹ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá ní láti sọ pé rárá, ẹ sọ ìdí rẹ̀, ẹ sì dárúkọ ajá mìíràn tó lè bá a mu.

Bí ajá bá wà nílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ pàdé níta, kí ẹni méjì mú wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pẹ̀lú àyè láàárín, kí okùn má sì le gbọin. Kí àyè náà máa dín kù bí ara wọn ṣe ń rọlẹ̀. Ọmọ ajá kò gbọdọ̀ fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8.

Wákàtí tí ajá fi ń rin láti ẹnu ọ̀nà yín dé inú ilé tuntun léwu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Kò tíì mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é, kò mọ ilé, ariwo kan ṣoṣo sì lè mú kó já sá lọ. Nítorí náà, okùn méjì ni kó wà lára rẹ̀, ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan láyà, kí wọ́n má sì tú u títí ilẹ̀kùn ilé yóò fi padé. Kí ẹ ti yí orúkọ tó wà nídìí nọ́ńbà microchip padà sí ti alágbàtọ́ kí wọ́n tó jáde.

Ẹ ṣàlàyé fún un pé ajá náà lè má jẹun dáadáa ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, pé yóò tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó mọ ètò ilé, àti pé ó lè tó oṣù mẹ́ta kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀ pátápátá. Kí àlejò má wá kí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ṣokoléètì, èso àjàrà, àlùbọ́sà àti ohun tó bá ní xylitol (èròjà adùn tí a ń lò dípò ṣúgà) nínú jìnnà sí i.

Ọjọ́ Àìkú: ìpè àti àwọn tó padà

Ẹ pe àwọn tó gba ajá lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má dúró kí wọ́n pè yín. Ojú ń ti ọ̀pọ̀ láti sọ pé ajá náà ń tọ̀ sílé tàbí pé ó ń sunkún lóru, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ràn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè tó láti yanjú rẹ̀.

Àwọn kan yóò padà wá. Ẹ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dá ajá náà padà, kí ẹ sì jókòó tì í, nítorí ó ti rí ohun tí ẹ̀yin kò lè rí láti inú yàrá. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórí káàdì: pé ó ń sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, pé ó mọ bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn, pé òun àti ológbò kò lè gbé pọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tuntun àti orúkọ ẹnì kan síwájú "Ohun tó kàn", kí ẹ sì fi ajá náà sí yàrá tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ, níbi tí àlejò àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Ajé yóò ti rí i.